Ọdẹ Tó Wọ Aṣọ Ẹtù Lọ Dẹ Ẹtù

Ní ìlú Òkè-Arán, níbi tí ọ̀dàn ti tẹ́ lọ súà títí dé ẹsẹ̀ òkè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́ríndé. Ọ̀dọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá nídìí ìbọn. Ó ti pa ẹfọ̀n, ó ti pa ìmàdò, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ṣoṣo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹtù ni ẹyẹ náà, ẹyẹ aláwọ̀ aró tó ní tóótòòtó funfun lára, tó máa ń jẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ojú ẹtù mú púpọ̀. Kí ọdẹ tó gbé ìbọn léjìká, ọ̀kan nínú wọn á ti ké, gbogbo wọn á sì fọ́n ká.

Nílùú náà, tí ọdún àwọn ọdẹ bá dé, ẹtù ni ọdẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá síwájú Olúọ́dẹ. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Ọdẹ́ríndé wá lọ́wọ́ òfìfo. Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni Ògúnníran, bàbá ìyàwó rẹ̀, mú ọ̀kan nínú tirẹ̀, tó rọra kì í bọ̀ ọ́ lápò kí ojú má baà tì í. Ojú tì í náà. Kí àna ẹni máa báni gbé ẹrù tó yẹ kí a gbé fún un!

Ọdẹ́ríndé wá gbà pé aṣọ òun ló ń tú òun fó. Kíjìpá funfun ló kọ́kọ́ ń wọ̀, àwọn ẹtù sì ń rí i láti òkèèrè. Ó fi èèpo igi pa á láró pupa rúsúrúsú. Ìyẹn dára nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀ tí koríko tutù yọ̀yọ̀, ńṣe ló dà bí ọ̀gán tó ń rìn. Ó so ewé mọ́ra; nígbà tí oòrùn mú, ewé gbẹ, ó sì ń pariwo wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ níbikíbi tó bá yà sí.

Lọ́jọ́ kan, Mọníọlá, ìyàwó rẹ̀, ti odò dé, ó bá a tó ń fi ọ̀bẹ ya aṣọ òfì ẹtù, aṣọ aró olówó iyebíye tó ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ náà pè nítorí pé àwọ̀ wọn jọra. Ìkòkò omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí obìnrin náà.

"Bàálé mi! Aṣọ tí ẹ wọ̀ wá tọrọ mi nílé bàbá mi lẹ ń ya yẹn?"

"Ṣebí nígbà tí mo wọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ọ́ fún mi," ni Ọdẹ́ríndé fèsì. "Jẹ́ n fi tọrọ ẹtù náà wò." Ó ń lẹ ìyẹ́ ẹtù mọ́ fìlà kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Ẹ sáà sọ fún bàbá mi, kí wọ́n mọ apá ibi tí ẹ ń lọ."

"Kí n sọ fún wọn kí ọgbọ́n mi lè di ti gbogbo ayé? Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ Òkè-Arán kí ẹnìkan wọ ìgbẹ́ láìsọ ibi tó forí lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́ríndé wọ aṣọ náà, ó de fìlà, ó sì rá kòrò lọ sétí odò níbi tí àwọn ẹtù ti ń jẹ̀. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọn kò ké. Wọn kò sá. Ó lóṣòó sáàárín wọn, ìyá ẹtù kan sì ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó pa á mọ́ra. Ìbọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

Òdìkejì odò ni Ògúnníran wà. Bàbá náà rí agbo ẹtù láàárín koríko, ó sì rí ọ̀kan tó tóbi tó àgbò. Láti ìgbà tó ti ń dẹ̀gbẹ́, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀kan yìí tó fún òun àti àna òun. Ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì yìnbọn.

Gbòlà!

Ẹtù fò lọ, ńlá náà ṣubú. Ògúnníran la odò kọjá, ó ń kọrin, ó sì fa ọ̀bẹ yọ. Ó di ìyẹ́ orí ẹran rẹ̀ mú láti dúńbú rẹ̀. Ìyẹ́ náà bá fìlà jáde. Irun orí ènìyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," ni ẹran náà wí, "èmi ni."

Ọ̀bẹ jábọ́. Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ìgbà tó yá ló gbé àna rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń sáré tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn tó pàdé wọn lẹ́nu odi ìlú sọ pé ìró ẹkún rẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́ gbọ́, àwọn rò pé ẹranko ni. Mọníọlá rí ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, kò lè sunkún.

Ọdẹ́ríndé kò kú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, apá ọ̀tún sì rọ. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, Olúọ́dẹ pe ìpàdé. Òfin wọn ni pé ọdẹ tó bá yìnbọn lu ènìyàn yóò gbé ìbọn sílẹ̀, yóò sì fi ìlú sílẹ̀ títí láé. Ògúnníran kò jiyàn. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ kékeré kọ́ apá.

"Ẹ dúró!" Ọdẹ́ríndé ló ké, bí Mọníọlá ṣe mú un dání wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àna rẹ̀, pẹ̀lú apá kan.

"Olúọ́dẹ, ta ni bàbá yìí ṣẹ̀? Bí àlejò bá wọ ilé yín pẹ̀lú adé lórí, ẹ ó tẹ́ ẹní fún un. Bó bá wọlé pẹ̀lú àkísà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò jókòó sí. Èmi wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹtù. Wọ́n sì gbà mí lálejò bí ọdẹ ṣe ń gba ẹtù lálejò."

Olúọ́dẹ dìde fúnra rẹ̀, ó gbé ìbọn náà nílẹ̀, ó sì nà án sí Ògúnníran. Bàbá náà kò gbà á. Ó gba ọwọ́ àna rẹ̀ tó rọ, ó sì dì í mú.

Ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́ríndé sọ lọ́jọ́ náà làwọn àgbà Òkè-Arán kó kúrú, tí gbogbo wa sì fi ń kìlọ̀ fúnra wa títí dòní pé: Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.