Ẹja Díndín Ìlú Márùn-ún

Ọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ kò sì jẹun mọ́. Kì í ṣe pé bàbá náà ń gbààwẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni bínú. Wọn á gbé oúnjẹ wá, á wò ó, á dúpẹ́, á bu òkèlè kan tàbí méjì, á sì rọra fọwọ́ ti abọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta tí wọ́n ti sin ìyá, ṣòkòtò bàbá kò dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́ àfi kó fi okùn dì í. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ó pe ọmọ sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún un, pé bó bá lọ báyìí fún oṣù kan sí i, kí wọ́n máa múra sílẹ̀.

Má ṣe rò pé wọ́n pa á tì. Ọmọ náà rí jájẹ, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dọ́ba. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sin ìyá tó ti gba obìnrin kan tó mọ oúnjẹ sè dáadáa. Ó ra tábìlì kékeré kan àti àga onírọ̀rí, ó tò wọ́n sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kí bàbá lè máa jẹun ní ìrọ̀rùn. Ó ra abọ́ funfun kan tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, wọn á pa ilẹ̀kùn dé, wọn á sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ pé kí wọ́n má lọ yọ bàbá lẹ́nu. Ọ̀wọ̀ ni. Ta ló máa sọ pé ọ̀wọ̀ kò dára?

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n dárúkọ ohun tó ń wù wọ́n jẹ, ìbáà jẹ́ inú òkun ló wà. Bàbá ronú pẹ́. Ó wá ní tó bá jẹ́ ẹja díndín àti dùǹdú ni, irú ti ìyá, bóyá òun á lè jẹ ẹ́.

Inú ọmọ dùn. Alásè din ẹja, bàbá bu ẹnu kan, ó ti abọ́ sẹ́yìn. Àbúrò ọmọ náà obìnrin gbéra láti Abẹ́òkúta, ó ní òun lòun jogún ọwọ́ ìyá àwọn, ó din tirẹ̀ náà. Bàbá bu ẹnu méjì fún un, nítorí pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìgbà náà ni ọmọ pinnu pé ibì kan gbọ́dọ̀ wà láyé yìí tí obìnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ jọ ti ìyá òun. Etí ọ̀sà ni ìyá ti wá. Nítorí náà, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé bàbá sínú ọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì dorí kọ àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní ọ̀nà etí ọ̀sà.

Ìlú àkọ́kọ́, ilé oúnjẹ tó ní fáànù àti aṣọ tábìlì ni wọ́n bá. Ọbọ̀kún ni wọ́n din níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kàrà-kàrà, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ìlú kejì, ìyá arúgbó kan ló ń din ẹja lábẹ́ igi dóńgóyárò, ata rẹ̀ sì ń ta sánsán láti òkèèrè. Ìlú kẹta, bàbá kan tó fi iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ ló ń din epìyà lórí iná igi, ó sì ń fi ẹja náà yangàn bí ẹni pé òun ló bí i. Ìlú kẹrin ni Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ẹja ti ń jáde nínú omi bọ́ sínú epo.

Bí wọ́n bá ti dé ibì kan, ọmọ á kọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù nu àga. Á ní kí wọ́n gbé abọ́ kan wá, kó mọ́, kó má ní àbùkù. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi olóúnjẹ ní ìbéèrè: irú epo wo ni? Ṣé wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ẹja lára kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí i? Iṣu inú oko ibo ni wọ́n fi ṣe dùǹdú? Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin tí kò lè din ẹyin ti di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ẹja díndín. Bí oúnjẹ bá sì dé, á gbé e síwájú bàbá, á sún sẹ́yìn, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á wá tẹjú mọ́ ẹnu bàbá.

Bàbá á bù ú jẹ. Á ní, "Ó dùn. Ẹ ṣé o." Á sì ti abọ́ sẹ́yìn.

Ní ìlú kẹta, inú bí olóúnjẹ náà, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣe ẹja òun fún òun. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí. Gbogbo ẹja tí bàbá kò jẹ, náílọ̀n ló ń dì í sí, òórùn ẹja sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kan. Òun alára kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé irú ọmọ wo lòun, tí òun á máa gbé oúnjẹ mì nígbà tí bàbá òun kò lè jẹ.

Nígbà tí wọ́n kúrò ní Ẹ̀pẹ́, aago mẹ́ta ti lù. Bàbá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí àwọn padà sílé, pé ọmọ òun ti gbìyànjú, pé ìyá rẹ̀ níbi tó wà rí i. Ẹ̀rù ba ọmọ náà ju ọjọ́ tí dókítà bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé báyìí ni àwọn àgbà ṣe máa ń dágbére.

Kò ní lọ́kàn láti dúró ní ìlú karùn-ún. Kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nídìí ọkọ̀, ó sì dúró síbi àtíbàbà àkọ́kọ́ tó rí tí èéfín ti ń rú. Obìnrin kan ń palẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti jóná, nítorí pé ẹnu ìjà lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló wà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ nígbà tó yẹ kó yí i padà. Dùǹdú rẹ̀ ti tutù. Ó ti fọ gbogbo abọ́ rẹ̀, ó ti dì wọ́n mọ́ inú apẹ̀rẹ̀, kò sì ṣe tán láti tú wọn. Ó da ẹja àti dùǹdú sórí tíréè kan, ó bu ata lé e, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ti tíréè náà síwájú bàbá. Ó dìde láti lọ dúró síbi tó máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n òòyì kọ́ ọ, ó sì di òpó àtíbàbà mú.

Bàbá gbójú sókè, ó wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Àjàgbé, kí lo jẹ láti àárọ̀?"

Ọmọ ní òun á jẹ tó bá yá.

"Mo ní kí lo jẹ?"

"N kò tíì jẹ nǹkan kan, sà."

"Jókòó," ni bàbá wí. "Ta ló ní kó o máa dúró tì mí bí ọlọ́pàá? Jókòó síbí."

Ó jókòó. Bàbá bu omi fọ ọwọ́, ó fa ẹja sún mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eegun rẹ̀. Kò kánjú. Ó yọ ọ̀kan, ó tẹ ẹran ẹja náà wò láàárín ìka kí eegun wẹ́wẹ́ má baà kù síbẹ̀, ó wá kó èyí tó funfun síwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní kó jẹ ẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta náà jẹ ẹ́ bí ọmọ ọdún márùn-ún. Bàbá tún yọ òmíràn fún un. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀kan, tó sì fi sí ẹnu ara rẹ̀. Ó mú dùǹdú, ó tì í bọ ata, ó jẹ ẹ́. Ó tún mú òmíràn.

Ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti là. Ó rántí pé láyé ìyá òun, òun kò rí bàbá kó dá jẹun rí. Tíréè kan ni, bàbá níhìn-ín, ìyá lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ láàárín. Eegun ti há ìyá lọ́fun rí nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà, bàbá ló máa ń yọ eegun ẹja fún un, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Oṣù kẹta rèé tí àwọn ti ń gbé ẹja fún un nínú yàrá tí kò sí ẹni tí yóò yọ eegun fún. Àwọn tún pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Bàbá jẹ ata sí i, ó fọn imú. Ó ní ata náà le jù, ó ní ẹja sì ti jóná, pé ká ní ìyá Àjàgbé wà níbẹ̀ ni, yóò bá obìnrin yìí jà. Ó ń sọ ọ́, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí tíréè gbẹ, ó béèrè bóyá iṣu ṣì kù. Obìnrin náà, tó ti di ẹrù rẹ̀ tán, wo ojú bàbá, ó tú ẹrù, ó tún dáná. Ọmọ sáré lọ kó ẹja ìlú mẹ́rin jáde látẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n dà á sórí tíréè, olóúnjẹ pàápàá fa àpótí wá jókòó. Ó tọ́ ẹja ìlú kẹta wò, ó gbà láìjanpata pé ó dùn ju tòun lọ.

Ọmọ dìde, ó ní òun fẹ́ yẹ táyà wò. Ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fara tì í, ó sì mí èémí tí kò mí láti oṣù mẹ́ta. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Bàbá jẹun." Àbúrò rẹ̀ ní kó sọ orúkọ obìnrin tó din ẹja náà, pé àwọn á máa ránṣẹ́ rà á níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Kì í ṣe ẹja," ni ọmọ dá a lóhùn. "Àwa ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé tábìlì kékeré náà kúrò ní yàrá. Wọ́n tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọ́n gbé tíréè kan sí i, àwọn ọmọ-ọmọ yí bàbá ká, ariwo gba ilé, bàbá sì ń pín ẹja. Nígbà tí dókítà rí i lẹ́yìn oṣù méjì, ó béèrè oògùn tí wọ́n lò.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé o kì í ṣe ọmọ burúkú. Ò ń fi owó ránṣẹ́ sílé, o gba ọmọ-ọ̀dọ̀ fún ìyá rẹ, o ra àga tó dára fún bàbá rẹ. Bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ aládùúgbò rẹ, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ gbé kúlà oúnjẹ dé. Àmọ́ o máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Wàá ní kí wọ́n rọ́jú jẹ ẹ́, wàá wo aago ọwọ́ rẹ, wàá sì máa lọ. Lẹ́yìn náà, wàá wá bá mi, wàá ní wọn kò mọ oore, pé abọ́ padà bó ṣe lọ. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ báyìí, ó tiẹ̀ ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lo bá àgbà jẹun gbẹ̀yìn?

Bí o bá kúrò níbí, lọ sílé wọn. Má ṣe béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Sọ fún wọn pé ebi ń pa ọ́.