Àwẹ̀ró Tó Dá Ẹ̀sìn Sílẹ̀ fún Eré

Nígbà tí wọ́n ti jẹun tán, tí wọ́n ti palẹ̀ abọ́ mọ́, Yèyé Fadérera tẹ́ ẹní síwájú ilé. Àwọn ọmọ agbo ilé jókòó yí i ká. Kòyejọ ló jókòó sún mọ́ ọn jù, nítorí pé etí rẹ̀ kò fẹ́ pàdánù nǹkan kan.

“Ààlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

“Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbìrì, kò yí lu ọba, kò yí lu ìjòyè. Ó yí lu obìnrin ahunní kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró, ó sì yí lu Àlàdé ọkọ rẹ̀, bàbá Ìbídùn ọmọ wọn.”

“Kí ni wọ́n ṣe, Yèyé?”

“Ẹ fara balẹ̀. Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, òjò kan rọ̀ ní Òkè-Ìrọ̀rùn. Ó rọ̀ títí ó gbàgbé pé òjò a máa dá. Kò sẹ́ni tó lè lọ sóko. Ọkùnrin jókòó sílé, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, ó wá ku ìjà.”

Ṣíjúwadé tó jókòó ti Kòyejọ rẹ́rìn-ín. “Bíi ti bàbá wa àti màmá wa nìyẹn.”

“Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àwẹ̀ró rí i pé ìlú ń bàjẹ́. Ó pe àwọn aládùúgbò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àlàdé ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Òkété wà níbẹ̀, Ayékòótọ́ náà bà sórí àjà. Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní tuntun kan. Ó ní, ‘Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ ìlú kan dó. Ìlú náà wà nísàlẹ̀ odò. Kálukú yóò mú ẹni tó fẹ́ jẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ó sì ju èèpo ẹ̀pà yìí sílẹ̀. Bó bá ṣí inú sókè, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ṣeé ṣe. Bó bá dojú délẹ̀, ó ti bọ́.’

“Ni eré bá bẹ̀rẹ̀. Òkété tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń dẹ́rù bà nílé di jagunjagun nísàlẹ̀ odò. Àlàdé di ọlọ́ṣà, ó jí adé ọba ibẹ̀ gbé, gbogbo ilé sì ń pariwo ẹ̀rín. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́.

“Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú Àlàdé ọlọ́ṣà nínú eré. Wọ́n ní kó búra pé òun kò jalè. Àlàdé wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, ‘Àwẹ̀ró, kí ni wọ́n fi ń búra níbí? Ìlú tí kò ní ẹ̀sìn, báwo lèèyàn ṣe ń parọ́ níbẹ̀?’

“Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró létí. Ó ń hun ẹní, ó ń rò ó. Ó rò ó pé bí gbogbo ìlú bá ń sin ohun kan ṣoṣo, eré náà yóò tẹ́. Ta ni wọn yóò bá jiyàn? Ó wá dá ẹ̀sìn oríṣiríṣi sílẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀ àti ohun tí yóò fi máa bínú sí èkejì.

“Àwọn àkọ́kọ́ ni Ẹlẹ́sìn Ihò. Wọ́n ní inú ihò ni ayé ti jáde, inú ihò ni yóò padà sí. Bí wọ́n bá rí ihò, wọn a dọ̀bálẹ̀ fún un. Èèwọ̀ wọn ni kí wọ́n dí ihò.

“Lẹ́yìn wọn ni Ẹlẹ́sìn Gbohùngbohùn. Àwọn ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ láyé ni wọ́n ti sọ tán, ó kù ká máa tún un sọ. Èèwọ̀ wọn ni kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tiwọn.

“Àwọn tó kù ni Ẹlẹ́sìn Àná. Wọ́n ní àná nìkan ló dájú, nítorí pé ó ti kọjá. Oúnjẹ àná ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn, kí ojú wọn má bàa kúrò níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Èèwọ̀ wọn ni kí wọ́n kọjú síbi tí wọ́n ń lọ.”

Kòyejọ dìde, ó gbìyànjú láti fẹ̀yìn rìn, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ Ṣíjúwadé. Yèyé dúró dè wọ́n kí wọ́n pariwo tán.

“Eré náà wá dùn kọjá ààlà. Òkété mú ti Ihò, Ayékòótọ́ mú ti Gbohùngbohùn, Àlàdé mú ti Àná. Òkété ní inú ihò ni gbohùngbohùn ń gbé, nítorí náà ọmọ ihò ni. Ayékòótọ́ ní bí kò bá sí ohùn, ta ni ìbá mọ̀ pé ihò jìn? Àlàdé kàn ń rẹ́rìn-ín sí àwọn méjèèjì. Ó ní, ‘Ìgbà wo lẹ dá ẹ̀sìn yín sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe àná ni? Èmi ni mo ni yín.’ Ìlú ń tú wá wòran. Ẹni tó wá wòran lónìí, bó bá dọ̀la á ti mú ẹ̀sìn kan.

“Nígbà tó yá, òjò dá. Àwẹ̀ró ká ẹní nílẹ̀. Ó ní, ‘Eré parí o. Ó dọdún tó ń bọ̀.’ Ó gbé àáké, ó wá igi lọ.

“Nígbà tó padà dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn wọ ilé. Ó gbé iyán gbígbóná síwájú rẹ̀. Àlàdé tì í sẹ́yìn.

“‘Bàbá Ìbídùn, kí ló dé?’

“‘Oúnjẹ òní nìyẹn. Gbé e pamọ́, n óò jẹ ẹ́ lọ́la.’

“‘Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé eré la ṣe.’

“‘Lánàá ni o sọ pé eré ni, àbí òní?’

“‘Òní ni.’

“‘Kò dájú nígbà náà,’ ni Àlàdé wí, ó sì wá ẹ̀bà àná lọ sí ìdí ààrò.

“Àwẹ̀ró rò pé ọkọ òun nìkan ni nǹkan ń ṣe. Ó jáde síta. Ewúrẹ́ ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ó bi ọkùnrin kan léèrè, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọ mi?’ Ọkùnrin náà jẹ́ Ẹlẹ́sìn Gbohùngbohùn. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọ mi?’ Àánú ṣe Ewúrẹ́. Ó ní, ‘Tìrẹ náà sọnù?’ Ọkùnrin náà ní, ‘Tìrẹ náà sọnù?’ Ni Ewúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá ọmọ tí kò bí.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn Ẹlẹ́sìn Ihò ti gbẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà, èèpẹ̀ sì ga gègèrè létí ihò kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ já sínú ọ̀kan. Nígbà tó ní kí wọ́n bá òun dí i, Òkété àtàwọn ènìyàn rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ yí i ká, wọ́n ń kí i kú oríire. Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ oko tẹ́lẹ̀ kò bá a ṣe é mọ́, nítorí pé ẹ̀sìn wọn ò papọ̀. Koríko wá ga ju àgbàdo lọ. Ìwọ̀nba tí wọ́n rí ká lọ́dún náà kò kún ju àká kan ṣoṣo lọ, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kó o jọ sí. Òun ni gbogbo ìlú yóò jẹ títí òjò yóò fi tún padà.

“Ọ̀rọ̀ náà ba Àwẹ̀ró nínú jẹ́. Kò lè sùn. Ó lọ bá Baálẹ̀, ó ní kó pe ìlú jọ. Nígbà tí wọ́n pé, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrọ̀rùn, èmi ni mo dá àwọn ẹ̀sìn yìí sílẹ̀. Mo ń hun ẹní ni mo ro gbogbo rẹ̀. Eré lásán ni.’

“Òkété pàtẹ́wọ́. Ó ní, ‘Mo ti ń wí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àtọwọ́dá ni ti Gbohùngbohùn àti ti Àná.’

“‘Tìẹ náà ń kọ́?’

“‘Tèmi kẹ̀? Tèmi kàn gba ẹnu rẹ kọjá ni, Àwẹ̀ró. Ẹnu kì í ṣe ihò ni?’

“Àlàdé ní, ‘Ti àwọn yòókù ni ìyàwó mi ń sọ.’ Ayékòótọ́ ní, ‘Ti àwọn yòókù ni ìyàwó mi ń sọ.’ Wọ́n tú ká tayọ̀tayọ̀. Kálukú ti gbọ́ pé irọ́ ni ti ẹnìkejì.”

“Yèyé, orí wọn kò pé,” ni Ṣíjúwadé wí.

“Orí wọn pé, ọmọ mi. Ohun tó wù wọ́n ni wọ́n gbọ́. Ọyẹ́ wá dé, ilẹ̀ gbẹ. Iná ìgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, afẹ́fẹ́ sì gbé e wá sí ẹ̀yìn ìlú, ó kó sí òrùlé àká. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rí i. Ó figbe ta, ‘Iná ń jó àká! Ẹ gbé omi wá!’

“Àwọn Ẹlẹ́sìn Gbohùngbohùn gbọ́. Wọ́n figbe ta, ‘Iná ń jó àká! Ẹ gbé omi wá!’ Igbe náà gba ìlú kan. Gbogbo ẹnu ló ń pe omi, kò sí ọwọ́ kan tó gbá igbá mú. Àwọn Ẹlẹ́sìn Ihò ní òpin ayé ló dé, wọ́n bẹ́ sínú ihò wọn. Àwọn Ẹlẹ́sìn Àná nìkan ló gbé omi. Àlàdé ló ṣíwájú, ó ru ìkòkò ńlá lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn bọ̀. Wọ́n ń forí gbárí, omi ń dà sílẹ̀. Àlàdé ń sún mọ́ iná láìrí i. Àwẹ̀ró wá fi orin pè é. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá Ìbídùn, ẹ wẹ̀yìn wò.”

“Kẹ̀rẹ̀-ń-kẹ́.”

“Ohun tí ẹ kẹ́yìn sí kò láàánú.”

“Kẹ̀rẹ̀-ń-kẹ́.”

“Kò mọ àná, kò mọ òní.”

“Kẹ̀rẹ̀-ń-kẹ́.”

“Aṣọ ọrùn yín ló fẹ́ jẹ.”

“Kẹ̀rẹ̀-ń-kẹ́.”

“Àlàdé gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ ni. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Iná fo, ó mú etí agbádá rẹ̀. Àwẹ̀ró kò kọrin mọ́. Ó sáré, ó fi èjìká kọlu ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú, ìkòkò náà sì fọ́ lé wọn lórí. Omi pa iná ara agbádá. Àlàdé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ sí àká gan-an. Ó wò ó. Ó ní, ‘Áà. Ó ti tóbi tó báyìí?’

“Ó dìde. Ó kọjú sí iná, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré síwájú bí ènìyàn gidi, ó ń já ewé tútù láti fi pa iná. Àwọn ènìyàn rẹ̀ rí i, àwọn náà yíjú.

“Ọ̀pẹ tí Ayékòótọ́ tẹ́ ìtẹ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìdí rẹ̀. Ayékòótọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó fẹ́ tún sọ. Ni òun náà bá la ẹnu. Ó ní, ‘Ilé mi ń jó o! Ẹ̀yin ará mi, ẹ yé pariwo, ẹ lọ pọnmi!’ Ó ya àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lẹ́nu. Wọn ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Wọn ò tún un sọ. Wọ́n sáré lọ sódò.

“Èéfín wọ inú ihò. Òkété ń wúkọ́ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó wo òkìtì èèpẹ̀ tí wọ́n kó jọ. Ó wo iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta èèpẹ̀ sí i, gbogbo ìjọ Ihò sì bá a ta á, títí èèpẹ̀ náà fi dí ihò tó wà lẹ́bàá iná. Omi ń bọ̀ lápá kan, èèpẹ̀ ń bọ̀ lápá kejì. Iná kú. Àgbàdo tó ṣẹ́kù ju ìdajì lọ, wọ́n sì lè fi ìṣọ́ra jẹ ẹ́.

“Wọ́n wá jókòó sílẹ̀, eérú bò wọ́n, èèyàn kò dá Òkété mọ̀ yàtọ̀ sí Baálẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò tíì jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń dọ́gbọ́n wo ara wọn. Níkẹyìn Òkété ní, ‘Ta ni yóò kọ́kọ́ bú ẹnìkejì rẹ̀?’ Ayékòótọ́ gan-an ò tún un sọ.

“Láti ọjọ́ náà, ihò bẹ̀rẹ̀ sí í dí díẹ̀díẹ̀. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ Òkété, á ní afẹ́fẹ́ ló dí i.

“Nígbà tí òjò tún dé, wọ́n wá bẹ Àwẹ̀ró pé kó tẹ́ ẹní. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, ‘Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eré pa ọkọ mi.’

“Àlàdé ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní, ‘Ìyá Ìbídùn, eré kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àwa la gbé e kúrò lórí ẹní.’

“Àwẹ̀ró rò ó títí. Ó ní, ‘Ó dáa. Ṣùgbọ́n òfin tuntun ni o. Ẹni tó bá gbèjà ẹ̀sìn kan lálẹ́ òní, ti ẹlòmíràn ni yóò gbèjà lálẹ́ ọ̀la.’

“Ní alẹ́ kejì, ti Ihò bọ́ sọ́wọ́ Àlàdé, ti Àná bọ́ sọ́wọ́ Òkété. Òkété sọ̀rọ̀ nípa àná, ó sọ nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú àti ilé tí wọ́n gbé nígbà tó kéré, títí omijé fi ń bọ́ lójú àwọn tó ń gbọ́. Nígbà tó sọ tán, Àlàdé nu ojú rẹ̀.

“Ó ní, ‘Òkété, gbogbo ìgbà tí mo fi ẹ̀yìn rìn yẹn, n kò mọ̀ pé ohun tí mò ń wí nìyẹn.’”

Kòyejọ ní, “Yèyé, ta ló wá borí?”

“Kò sẹ́ni tó borí. Wọ́n sùn lọ ni, bí ẹ̀yin náà yóò ṣe lọ sùn. Ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa ni pé ká tó bá ọmọnìkejì wa jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ká kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbà á sọ fún un. Ó sì tún ń kọ́ wa pé bí iná bá ń jó, omi là ń pọn.

“Ibi tí àlọ́ mi ti yí wá, ibẹ̀ náà ló yí gbìrì padà sí. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí n kò bá parọ́, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́: pà, pà, pà.”

“Pà, pà, pà.”