Agbè Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Yàn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò dá lórí ọba, kò sì dá lórí ìyàwó tuntun. Ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti agbè omi kan. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀rín inú tòní kò pọ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì kó lọ. Ó wá ku Ẹfọ̀n, Ọ̀kẹ́rẹ́, àti Ẹtu pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Málọmọ́ ni orúkọ ọmọ náà, nítorí àwọn méjì tí Ẹtu bí ṣáájú rẹ̀ ti kú. Wọ́n gbọ́ pé odò kan ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ọ̀dàn. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, kò sí igi, kò sí ibòji.

Ẹtu gbé agbè ìyá rẹ̀ jáde. Ó kéré, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kò jò rí. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yí agbè tuntun kan wá, ó tóbi, ó ń dán. Ó ní inú rẹ̀ ni kí àwọn pọn gbogbo omi tó kù ní ìsàlẹ̀ kànga sí.

Àṣà wọn ni láti gbé agbè tó kún sórí eérú gbígbẹ di ọjọ́ kejì. Bí eérú bá rin, agbè ń jò nìyẹn. Wọ́n gbé ti Ọ̀kẹ́rẹ́ sórí eérú. Ilẹ̀ mọ́, eérú gbẹ. Ọkàn Ẹtu balẹ̀, ó fi agbè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi eyín dá ihò sí ìdí agbè náà, ó sì fi ìda oyin dí i. Ọ̀kánjúwà ẹ̀dá. Ó ní kí Ẹfọ̀n gbé omi náà pọ̀n, kí òun jókòó tì í láti máa ṣọ́ ọ.

Wọ́n gbéra. Àwọn yòókù ń mu ẹnu kan láàárọ̀, ẹnu kan nírọ̀lẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yọ ìda, ó ń fa omi, ó ń dí i padà. Ẹfọ̀n ní ẹrù òun ń fúyẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní agbára rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ẹfọ̀n gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ta ni kì í fẹ́ gbọ́ ìyìn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn mú ganrínganrín. Ọ̀kẹ́rẹ́ yó, ó sùn lọ. Ìda yọ́. Omi ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n rò pé òógùn ni. Nígbà tí Málọmọ́ ní òùngbẹ ń gbẹ òun, agbè ti ṣófo.

Ẹtu yí ìdí rẹ̀ sókè. Ó rí ihò. Ó rí ojú eyín.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, eyín ta nìyí?"

"Díẹ̀ ni mo fẹ́ mu," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ẹtu ń lá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ahọ́n tirẹ̀ náà ti gbẹ. Málọmọ́ kú kí oòrùn tó wọ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹfọ̀n gbé agbè kalẹ̀, ó gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ tì í.

"Máa ṣọ́ omi rẹ."

Ẹtu fara ti Ẹfọ̀n, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé odò.

Nígbà tí òjò padà dé, wọ́n gbéra lọ sílé, wọ́n sì bá egungun Ọ̀kẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè náà. Wọ́n dé ilé. Agbè dúdú ṣì wà níbi tí Ẹtu fi í sí. Òjò ti kún un dé ẹnu, kò jo ẹ̀kán kan. Ẹtu gbé e, ó da omi náà sí ibi tí Málọmọ́ máa ń sùn sí.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí ọ̀nà yín bá jìn, ẹ má wo títóbi agbè, ẹ má wo dídán rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kan ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e sí oòrùn tí ẹ óò bá a rìn, kì í ṣe sórí eérú ní ibòji nìkan. Ẹni tó bá sì dá ihò sí omi gbogbo ilé, ẹnu tirẹ̀ náà yóò gbẹ. Ó parí. Ẹ lọ bu omi mu kí ẹ tó sùn.