Wáyífáì Tí Olóyè Kò So Mọ́lẹ̀

Olóyè Ajíbóyè ti ṣọ́ọ̀bù Wúràọlá aránṣọ pa, ó ní ó ń lo Wáyífáì òun láìgbàṣẹ. Àfi kó dá gbogbo èyí tó ti lò padà kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹ̀rọ rẹ̀ jáde nílé òun. Wúràọlá kò jiyàn. Ó ní kí òun kọ́kọ́ bi Olóyè léèrè ọ̀rọ̀ lójú àwọn onílé àdúgbò. Nígbà tí wọ́n pé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé èmi ni mo wá Wáyífáì yín wá, àbí òun ló gba ara ògiri wọlé tọ̀ mí wá?" "Òun ló wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ìyẹn ló ní kí o jí i lò?" "Ṣé ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í?" "Kí ni mo fẹ́ tì í fún? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí?" "Ó dáa, sà. Bí ewúrẹ́ tí wọn kò so bá wọlé onílé, tó jẹ èlùbọ́ rẹ̀, ta ló jẹ̀bi?" Olóyè gbá àyà. "Ẹni tó ni ewúrẹ́ ni! Èmi gan-an ni mo ṣòfin yẹn." "Ẹ ṣeun, Bàbá. Láti ọjọ́ tí tiyín ti wọlé mi ló ti ń jẹ àkókò iṣẹ́ mi. Fídíò ló ń fi hàn mí, àwọn oníbàárà ń bú mi." Àwọn onílé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Olóyè ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣí i. Ni Wúràọlá bá gba fóònù Olóyè, ó bá a fi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà, ti Wáyífáì náà, ó yọ fóònù tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó tún kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ti so ó mọ́lẹ̀ wàyí. Ohun olóhun ni, ó yẹ kí n ti tọrọ tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa lò ó?"