Ọmọ Orí Aṣọ Funfun

Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ wúwo. Ọdẹ ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ ọdẹ sì ni. Ìbọn ni baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àti ẹ̀gùn orí igi ìrókò, ìyẹn pèpéle tí ọdẹ ń jókòó lé dúró de ẹran. Nígbà tí ẹran tán nínú igbó, ó ra kámẹ́rà, ó ń ya àwòrán fún àwọn ará abúlé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbíyẹmí. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ ọmọ náà láti kékeré. Kò lè dúró, kò lè rìn. Ìyá rẹ̀ ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbíyẹmí ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń fò bí ìrẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, èmi náà fẹ́ fò."

Ọdẹ́rìnlọ ní, "Ó dáa."

Ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀gùn, ó tẹ́ ọmọ náà lé e, ó na apá rẹ̀ bí ìyẹ́ àwòdì. Ó gun orí ẹ̀gùn, ó da ojú kámẹ́rà kodò, ó yà á. Nínú àwòrán náà, aṣọ di sánmà, ọmọ tí kò lè rìn ń fò lójú ọ̀run. Inú Ọdẹ́rìnlọ dùn, inú dídùn sì fọ́ ọ lójú. Ó sáré gba ilé lọ láti fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wúràọlá.

Obìnrin náà wò ó. "Ó dára. Ọmọ náà dà?"

"Ó wà lórí aṣọ."

"Aṣọ wo?"

"Funfun."

Wúràọlá káwọ́ lérí. "Òkú là ń tẹ́ sórí aṣọ funfun, Ọdẹ́rìnlọ! Ẹni tó bá tẹ́ alààyè síbẹ̀ á pè é lórúkọ, á fà á dìde, kó tó yẹsẹ̀. Ṣé o pè é?"

Ọdẹ́rìnlọ ti sáré jáde, Wúràọlá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ojú ọmọ là sílẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìpè mọ́.

Wúràọlá ní, "Àwọn iwin ti gbà á bí òkú. Wọ́n ti mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ sí Igbó Dojúdé. Bí oòrùn bá wọ̀, ó parí. Lọ, aláfojúdi!"

Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn, ó lọ. Igbó Dojúdé kò jọ igbó. Gbòǹgbò igi wà lókè bí irun orí wèrè, ewé wà nísàlẹ̀. Iwin ń rìn lábẹ́ ẹ̀ka bí àdán. Òòyì kọ́ Ọdẹ́rìnlọ, kò mọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí òkè. Ó yọ ọta ìbọn kan, ó so ó mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa fì. Ibi tí ọta kọjú sí, ibẹ̀ ló fẹsẹ̀ tẹ̀. Baba rẹ̀ a máa sọ pé ohun tó wúwo kì í purọ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ olórí wọn, Adoríkodò, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ igi, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè bí èéfín.

"Ta ní ń fẹsẹ̀ rìn lórí òrùlé mi?"

"Ọdẹ ni, bàbá. Mo kí yín o. Ọmọ mi ni mo wá mú."

"Ẹni tó fi itan ẹran ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ṣé ó tún ń padà wá gbà á?"

"Ẹ̀bùn tí a kò fẹnu fúnni, ẹ̀bùn kọ́, bàbá."

Adoríkodò rẹ́rìn-ín, ewé já sókè. "Ẹnu rẹ mú. Ojú lo fi ń tan ènìyàn. Ojú náà ni n ó fi dán ọ wò. Mú èyí tó jẹ́ tìrẹ. Bí o bá ṣì í, tèmi ni gbogbo wọn, àti ìwọ."

Ìbíyẹmí méjì yọ. Ọ̀kan ń sáré yí igi ká, eruku ń sọ lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ wò mí!" Èkejì dúró gangan, ó na apá, kò fọhùn, sánmà funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn Ọdẹ́rìnlọ fò lọ bá ẹni tó ń sáré. Ohun tó ti ń tọrọ láti ọdún pípẹ́ wá nìyẹn.

"Èwo lo fẹ́?" ni Adoríkodò wí.

"Ẹ kò ní kí n mú èyí tí mo fẹ́. Tèmi lẹ ní kí n mú."

Ó tẹjú mọ́ ẹni tó dúró. Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Kò ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí àgbọ̀n. Ó gba ẹ̀bátí lọ sínú etí. Ẹni tó dúró kì í sunkún báyẹn. Ìdùbúlẹ̀ ló wà, lórí aṣọ, níbi tí baba rẹ̀ fi í sí.

Ọdẹ́rìnlọ kẹ̀yìn sí ẹni tó ń sáré. Ọmọ náà ń pè é pé, "Bàbá! Bàbá!" Kò wẹ̀yìn. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn èkejì.

"Ìbíyẹmí, dìde."

Adoríkodò ní, "O fi asáré sílẹ̀, o mú arọ."

"Arọ ni mo bí."

Abẹ́ ẹ̀gùn ni ojú wọn là sí. Oòrùn kù díẹ̀ lórí imọ̀ ọ̀pẹ. Wúràọlá wà níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bú àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbíyẹmí ní, "Bàbá, ta ni ẹni tó ń sáré yẹn?"

Ọdẹ́rìnlọ ní, "Ẹni tí mo fẹ́ ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ni mo mú."

Ó di ọjọ́ kejì. Ìbíyẹmí ní kí baba rẹ̀ gbé òun gun ẹ̀gùn. Ọdẹ́rìnlọ gbé e gùn, ó fi ọ̀já dè é mọ́ igi dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ aró, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó na apá. Ìbíyẹmí yà á. Kò tilẹ̀ wo àwòrán náà kó tó kígbe pé, "Bàbá mi, ẹ dìde!"

Títí di òní, bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń sáré kọjá, Ọdẹ́rìnlọ a máa wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ fi ojú ṣeré bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa ọmọ yín dìde kí ẹ tó wo àwòrán rẹ̀. Mo ti sọ tèmi. Ẹ máa lọ sílé.