Òdòdó Ìsápá Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ohùn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn nínú ìrì, ó rìn títí, ó wá jókòó ti òdòdó ìsápá. Ní ìgbà kan rí, ikọ́ gbígbẹ mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó wúkọ́ tọ̀sán-tòru títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Morẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń wò ó, ẹ̀rù ń bà á pé ìyá òun yóò kú."

"Ìyá àgbà, ṣé ó kú?"

"Ìgè, fara balẹ̀. Àdàbà tó ń sùn lórí òrùlé wọn ló bá Morẹ́nikẹ́ sọ̀rọ̀: 'Já òdòdó ìsápá pupa ní ìdájí. Sè é, fi oyin sí i, kí ìyá rẹ mu ún nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí o tó já a.'

"Morẹ́nikẹ́ jáde ní ìdájí. Ìkùukùu bo gbogbo ilẹ̀, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òwú. Òdòdó náà ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìkùukùu. Ta ló jókòó sídìí rẹ̀? Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, àgbàlagbà tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun.

"Ọmọ tí a kọ́ nílé ni Morẹ́nikẹ́. Kó tó rántí, ó ti kúnlẹ̀: 'Ẹ káàárọ̀, bàbá.' Òdòdó pa ojú dé. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

"Ó tún kí i."

"Ó tún kí i. Òdòdó tún pa ojú dé. Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró ò lè gbórí sókè mọ́. Morẹ́nikẹ́ bu omi sẹ́nu, kò gbé e mì, ó jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́.

"'O ò rí mi ni?' Kò fọhùn.

"'Ta ló bí ọ gan-an?' Kò fọhùn. Ó dùn ún dé ọkàn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó já òdòdó, ó lọ.

"Ó sè é, ó da oyin sí i. Àwẹ̀ró mu díẹ̀, ó tún mu díẹ̀. Omi pupa náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Oorun gbé e lọ.

"Nígbà tó jí, Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú: 'Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ kò kí mi lónìí.'

"Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó la ẹnu, ohùn sì jáde: 'Ẹ káàárọ̀, bàbá. Èmi ni mo kí yín dípò ọmọ mi. Òdòdó tó wò mí sàn ni kò fẹ́ gbọ́ ohùn, ìyẹn ni kò fi lè kí yín.'

"Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kí àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọjá tí kò kí yín, ẹ wádìí kí ẹ tó bínú.

"Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá purọ́, kí ikọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí n kò bá purọ́, kí ọ̀fun mi dá ṣáká."

"Ó dá ṣáká, ìyá àgbà."