Tísà Sakaráyà àti Ọmọ Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun àfiṣeré ní Ìjámọ̀. Ẹni tí kò rí i rí ni yóò máa pè é ní iná koríko lásán. Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, òrùlé koríko ló pọ̀ jù nílùú, ọyẹ́ sì ti fẹ́ títí ètè gbogbo ènìyàn fi là. Igbó gbẹ táútáú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, iná jó abà àwọn àgbẹ̀ kan, arúgbó tó wà nínú ọ̀kan nínú wọn kò sì jáde. Láti ìgbà náà, bí èéfín bá ti rú níhà Igbó Ọparun, obìnrin tó bímọ nílùú yóò dìde dúró, yóò máa wá ojú ọmọ rẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ a tún padà sídìí iṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, Àyọ̀ká, ìyàwó Tísà, dìde nídìí gàrí tó ń yan, ó wá títí, kò rí ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Tísà jẹ́, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ilé ẹ̀kọ́ kàn hù bí olú ni. Sakaráyà Àkànmú Olúṣàkin, agùntáṣọọ́lò, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń ti orí òkè dé etí odò! Òun ló po amọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Lútérà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ní Sọ́ńdè ó ń ṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, nírọ̀lẹ́ ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní pápá tó wà létí igbó. Nínú ìwé Katikísímù ìjọ wọn, bí òfin kan bá ti parí, ìbéèrè ló kàn: kí ni èyí túmọ̀ sí? Ìbéèrè náà mọ́ Tísà lẹ́nu débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí o bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, yóò ní kí o ṣàlàyé. Kò mọ ojúsàájú. Bí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́, ó ń sá fún ojúsàájú ju bó ti yẹ lọ, pàápàá lórí Ọlátúbọ̀sún, ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ mọ́kànlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló lọ gé ọparun lọ́jọ́ náà, nítorí ikán ti jẹ òpó góòlù. Túbọ̀sún tẹ̀ lé wọn láti bá wọn rù ú. Àwọn ọdẹ kò mọ̀ pé ọmọ wà nínú igbó. Wọ́n tanná sí òdìkejì láti fi lé ẹmọ́ jáde, atẹ́gùn ọyẹ́ yí padà, iná sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí Àyọ̀ká tó sáré dé etí odò tó pààlà ìlú àti igbó, èéfín ti bo igbó mọ́lẹ̀, àwọn ìyá ti pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá Ṣọpẹ́ dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ìyá Túbọ̀sún, wọ́n wà nínú ẹ̀! Mo ti pe Ṣọpẹ́ títí, kò dáhùn! Ṣé kì í ṣe pé…"

"Má parí ẹ̀," ni Àyọ̀ká wí. "Jọ̀ọ́, má parí ẹ̀."

Òun náà fi ọwọ́ bo ẹnu bí fèrè, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó fi oríkì kún un. Ìyá kọ̀ọ̀kan ń pe tirẹ̀, ariwo gba etí odò kan. Igbó kò dáhùn, àfi iná tó ń ta pàrà-pàrà. Nígbà tó ṣe, Ògúnṣínà, olórí ọdẹ, nawọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Etí ọdẹ yàtọ̀ sí tiwa. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Wọ́n wà láàyè," ó wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n ń sá lọ sínú. Ìpè yín ni wọ́n ń sá fún."

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá Àyọ̀ká nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ nílé wa pé a kì í jẹ́ ìpè inú igbó? Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu mọ́, kí o sì sá, iwin ló yá ohùn ìyá rẹ lò. Láti ìgbà ọmú la ti ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Tísà ti bá ìyàwó rẹ̀ wí lórí ẹ̀: "Àyọ̀ká, orúkọ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, kí ni iwin fẹ́ fi í ṣe?" Àyọ̀ká á ní òótọ́ ni, ẹ má bínú. Bí ọkọ rẹ̀ bá jáde tán, á fa ọmọ mọ́ra, á ní, "Ìwọ má dá wọn lóhùn o." Ẹ̀kọ́ náà wọ Túbọ̀sún létí dáadáa. Àyọ̀ká jókòó sínú yanrìn, ó ń sọ pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ o, yéè, èmi ni mo kọ́ ọ."

Ìgbà náà ni Tísà dé. Orin ọjọ́ ìsinmi ló ń kọ́ àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá fi igbe pè é. Ó bọ́ agbádá, ó rì í bọ omi díẹ̀ tó kù nínú odò, ó fi wé orí. Ògúnṣínà dá a lọ́nà.

"Tísà, iná ti ré kọjá ọ̀nà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Má lọ."

"Bàbá, mi ò ní jìnnà. Ibi tí ohùn á ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ." Ó yíjú sí àwọn obìnrin. "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún pe orúkọ kan, ẹ ó lé wọn wọ inú iná. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá bá mi ní pápá, tí ẹ ní kí n yé pariwo orúkọ ọmọ yín sétí igbó? Mo bá yín jiyàn, ẹ gbé ọbẹ̀ wá bẹ̀ mí, mo gbà fún yín. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà aṣọ wọn ni mo fi ń pè wọ́n. Iwin tó mọ Ṣọpẹ́ kò lè mọ Nọ́ńbà Kìíní. Ẹ fi àdúrà bò mí, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́."

Ó wọ inú èéfín. Wọn kò rí i mọ́. Ìyá Ṣọpẹ́ fi etí ìró rẹ̀ di ẹnu ara rẹ̀ kí igbe má baà bọ́.

"Nọ́ńbà Kìíní!"

Iná nìkan ló fèsì. Ọ̀pẹ kan gbiná lókè, ó ya lulẹ̀ wàà, gbogbo wọn fò sẹ́yìn.

"Nọ́ńbà Kìíní! Pápá ń dúró dè ọ́!"

"Sà!"

Ẹ ò rí ayé! Ohùn ọmọ ni, ó jìnnà, ó sì gbẹ. Àṣà wọn ní pápá ni pé bí Tísà bá ti pe nọ́ńbà, ẹni tó ni ín a dáhùn, a sì sáré tọ̀ ọ́ wá, ì báà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣọpẹ́ yọ jáde pẹ̀lú ọparun léjìká. Kò rántí sọ ọ́ nù! Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó tún gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Tísà pe ìkejì, ó pe ìkẹta. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú pọ́n, irun jó, ìyá kọ̀ọ̀kan ń já tirẹ̀ gbà. Ohùn Tísà ń há bọ̀, ikọ́ ń já a gbà lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń pè. Nọ́ńbà Kọkànlá jáde, ó ṣubú lu Ògúnṣínà láyà. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìpè mọ́.

Àyọ̀ká ti mọ ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án. Ó wọ inú èéfín lọ bá ọkọ rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá Túbọ̀sún, ó ku ọmọ wa. Ẹ pè é."

"Kí ni n ó pè é?" ni Tísà wí.

Túbọ̀sún kò ní nọ́ńbà. Ó mọ bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlú mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fún un láṣọ kí wọ́n má baà ní torí pé ọmọ Tísà ni ó ṣe rí i gbà. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ lójú Àyọ̀ká rí, ó ní, "Ẹ fún mi ní Kejìlá, sà. Mi ò ní gbá a, n ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́." Tísà dá a lóhùn pé kò sí Kejìlá nínú bọ́ọ̀lù.

Tísà pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Túbọ̀sún!" Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó dìde lórí ewé. Ẹsẹ̀ náà ń jìnnà sí wọn. Àyọ̀ká fi èékánná gún ọkọ rẹ̀ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Ẹ fún un! Ẹ fún un báyìí!"

Ọkùnrin náà dìde. Ó fa èéfín símú bí ẹni fa omi, ó sì kígbe tí Ìjámọ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí: "Nọ́ńbà Kejìlá! Mo fún ọ! Nọ́ńbà Kejìlá, wọ pápá!"

Ẹsẹ̀ náà dúró.

"Kejìlá! Ìwọ ni mò ń pè! Wọ pápá, ọmọ mi!"

"Sà?"

Ó dáhùn bí ẹni tí kò dá a lójú. Ó sì ń bọ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí orí rẹ̀ fi kan ikùn ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e kọjá odò. Nígbà tó lè mí, bàbá rẹ̀ ló wò, kò wo ẹlòmíràn.

"Sà, ṣé mo ti wà lára wọn?"

Tísà la ẹnu, kò sí ohùn níbẹ̀. Ó fi orí dá a lóhùn, ó ń sunkún gbangba lójú ìlú.

Ohùn náà kò padà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Sakaráyà Àkànmú pẹ́ láyé, ó sì ń kọ́ni lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù fún un. Ìdí nìyí tí ìjọ Lútérà ti Ìjámọ̀ fi ń dákẹ́ minimini bí wọ́n bá ń ka Bíbélì, bí a ti ń ṣe láti gbọ́ Tísà nígbà tó ń kà á, tí àlejò á rò pé a ń bá ara wa jà. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ wa kò fi ń tanná láì kọ́kọ́ yà sí ilé ẹ̀kọ́ béèrè ibi tí ọmọ wà. Gbogbo ọmọ tí a bá bí nílùú, ọkùnrin àti obìnrin, mọ bọ́ọ̀lù tàbí kò mọ̀ ọ́n, ni a ń fún ní nọ́ńbà lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sóko. Bí wọ́n bá sì ń pín nǹkan, tí kò kan ẹnì kan, àgbà kan á sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ pe Kejìlá." Àwọn ìlú tó yí wa ká ń fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní a ò mọ òfin bọ́ọ̀lù, pé ẹgbẹ́ wa kì í bẹ̀rẹ̀ títí ẹni tí kò ní gbá a yóò fi jáde wá bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ní Ìjámọ̀, ẹnu wa kò gbà á láti ka ọmọ dé mọ́kànlá, kí á sì dúró.